Ọ̀dà Pupa Lára Ògiri Jósẹ́fù Mímọ́

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Ẹyinjúolúwa kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà awọ tó ti gbó, lókè téńté àkàsọ̀ onírin kan tó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Jósẹ́fù Mímọ́ ní ìlú Ìwó, lápá ibi tó kọjú sí títì. Lẹ́yìn náà ló wá rí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ lára ògiri bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí olólùfẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ọwọ́ náà. Ọ̀dà pupa ló wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì.

Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń wí lára ògiri? Níbikíbi tí ìjọba bá ti fẹ́ fẹ ọ̀nà, ọ̀dà pupa ló máa ń kọ́kọ́ dé, katakata á sì tẹ̀lé e.

Ẹyinjúolúwa kò pariwo. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ariwo kọ́ ni wọ́n fi ń mú ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò títí ọkùnrin náà fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àkàsọ̀, tó bọ́ sórí pèpéle kékeré tó yọ síta lókè fèrèsé, tó sì ń na téèpù sí etí òrùlé. Ìgbà náà ló rìn lọ, ó gbé àkàsọ̀ náà kúrò, ó tẹ́ ẹ sórí koríko.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

Ọkùnrin náà wo ìsàlẹ̀. Ó wo ibi tí àkàsọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó tún wo ibi tó wà báyìí.

"Ẹ kú ọ̀sán, àǹtí. Ó jọ pé àkàsọ̀ mi nìyẹn nílẹ̀."

"Òun ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń sinmi. Ta ló ní kí ẹ wá sàmì sí ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì yín náà ni. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi."

"Àwọn wo? Ìjọba?"

"Ìjọba kọ́. Lẹ́tà náà wà lápò mi. Ẹ bá mi gbé àkàsọ̀ yẹn, kí n sọ̀ wá fi hàn yín."

"Ẹ jù ú sílẹ̀. Bí ìwé bá já bọ́, kì í ṣẹ́ lẹ́sẹ̀."

Ìwé náà fò bí ẹyẹlé tí ebi ń pa, ó sì balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ẹyinjúolúwa. Ó ṣí i. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló bá pàdé. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ń pe Ọ̀gbẹ́ni Múyìíwá Èṣùbíyìí, ayàwòrán-ilé ní Òṣogbo, kó wá wọn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìjọ fẹ́ tún un ṣe, wọ́n sì fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ni ti Ẹyinjúolúwa Ògúntóyè, akọ̀wé.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ síbí," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀. "Òní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni."

"Mo mọ̀. Ara mi ni kò gbà á. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, ó mọ ọ̀rọ̀ kọ. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, abẹ́ agboòrùn ni fadá máa ń gbé Ara Olúwa gbà jáde fún àwọn tí kò ráyè jókòó nínú ilé. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni n kò ti lè gbàgbé agboòrùn yẹn. Ẹ mọ akọ̀wé náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀dájú ènìyàn ni. Ó máa ń gba àkàsọ̀ lọ́wọ́ àlejò."

Múyìíwá rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù fèrèsé mú kó má bàa ṣubú. Ẹyinjúolúwa náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àkàsọ̀ padà síbi tó ti yọ ọ́, ó sì dì í mú fún un títí ó fi balẹ̀.

"Ṣé kò sí àwọ̀ mìíràn ní Òṣogbo ni?" ó bi í. "Pupa, lára ògiri?"

"Òun ló ṣẹ́kù sínú ọkọ̀ mi. Gbogbo ibi tí ògiri yìí ti là ni mo ń sàmì sí, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń là sí i."

"Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyìí, ẹni tó bá ti títì kọjá tó rí i..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọ̀kadà mẹ́ta fi yà wọ ọgbà. Ìròyìn ti yára ju ọ̀kadà náà lọ: wọ́n ti ní ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni Bàbá Ògúntóyè, bàbá Ẹyinjúolúwa, àgbà nínú ìjọ náà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn kò ráyè dé fìlà.

"Ta ló fi ẹ̀jẹ̀ kun ògiri bàbá mi?"

Múyìíwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́. "Èmi ni, bàbá. Kì í ṣe ti ìjọba. Ìwọ̀n ni mo ń wọ̀n. Ẹ má bínú."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Èṣùbíyìí ni mí, ní Ilé-Ogbó."

"Háà," Bàbá ní. "Èṣù ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá mi," Ẹyinjúolúwa ní pẹ̀lẹ́, "Ògún ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀."

Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ní kó dìde kó lọ wá kẹrosíìnì.

Ọjọ́ méjì ni Múyìíwá fi nu ọ̀dà náà kúrò. Bàbá gbé àga síta, wọ́n jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn kò bá a sọ nǹkan kan, àfi bí wọ́n bá rí ibi tí kò mọ́. "Òkè díẹ̀ sí i," wọ́n á ní. "Apá òsì."

Ògiri náà kì í ṣe ògiri lásán. Nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnbáyọ̀ gba ìrìbọmi, ó fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko, ó ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ fún ilé Ọlọ́run. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ògiri yòókù ti di búlọ́ọ̀kù. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ló kù tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ amọ̀, tí wọ́n kàn rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì. Ògúnbáyọ̀ yẹn ló bí Bàbá Ògúntóyè.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Múyìíwá ní òun ti wọn gbogbo rẹ̀ tán. Ẹyinjúolúwa mi orí.

"Ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo lẹ wọ̀n. Ẹ dúró di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n nígbà tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀."

Ó sì dúró. Fadá Fọládé, tó jẹ́ olórí ìjọ náà, fún un ní yàrá àlejò nílé fadá. Ní ọjọ́ Àìkú, dípò kó jókòó síwájú bí wọ́n ti ní kó ṣe, abẹ́ igi máńgòrò ló lọ dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbékẹ́, ìyá Ẹyinjúolúwa. Orúnkún ń dun ìyá náà, kì í jẹ́ kí wọ́n yára rìn. Bí wọ́n bá fi máa dé, gbogbo bẹ́ǹṣì á ti kún. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka Ìhìnrere. Múyìíwá ṣí agboòrùn, ó fi gbogbo rẹ̀ bo ìyá náà. Nígbà tí Mísà fi parí, omi ti ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọmọ mi," Ìyá Àgbékẹ́ ní, "ṣé ìwọ lo máa kọ́ ibi tí mo máa jókòó?"

"Èmi ni, mà."

"Tètè o. Orúnkún mi kò ní sùúrù."

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí Múyìíwá má wá sí Ìwó. Tábìlì ilé fadá kéré jù fún ìwé ńláńlá tó fi ń yàwòrán, nítorí náà kíláàsì Ẹyinjúolúwa ló ti ń ṣiṣẹ́ bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Òun ń yàwòrán, Ẹyinjúolúwa ń máàkì ìwé ìṣirò. Afẹ́fẹ́ á gba ojú fèrèsé wọlé, á gbé etí ìwé náà sókè, àwọn méjèèjì á sì na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orí tábìlì ni àwòrán wà," Ẹyinjúolúwa á ní, láìgbé ojú sókè.

"Mo mọ̀. Ojú mi ń sinmi ni."

"Lára mi?"

"Ibi tó bá ti rí ìsinmi ló máa ń lọ."

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ni ti Nusirat, ọ̀rẹ́ Ẹyinjúolúwa láti kékeré. Láti orí máṣíìnì rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí kò rí.

"Ẹyinjú," ó bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "kí ni ìwọ àti ọkùnrin àkàsọ̀ yẹn ń wọ̀n lójoojúmọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì yín kò kúkú tóbi tó bẹ́ẹ̀."

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ rere. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó tètè parí. Dúró, jẹ́ kí n wọn èjìká rẹ."

"Fún kí ni?"

"Fún iṣẹ́ náà ni."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n jọ lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà, láti wo igi tí wọ́n máa fi ṣe òrùlé tuntun. Òórùn igi tútù gba gbogbo afẹ́fẹ́, eruku pákó sì ń bọ́ sórí wọn bí ìyẹ̀fun. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Múyìíwá fi ní láti fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Kí lo wí?" Ẹyinjúolúwa ní.

Ó tún un wí.

"N kò gbọ́."

Múyìíwá fa èémí sínú, ó sì fi gbogbo agbára kígbe. Àárín ọ̀rọ̀ náà gan-an ni iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ohùn rẹ̀ sì dá dúró láàárín ọgbà: "...tí mo ti yà fún ẹlòmíràn pọ̀, ilé tí èmi àti ìwọ máa jọ gbé ni mo fẹ́ yà báyìí."

Àwọn alágbàṣe mẹ́jọ yíjú padà. Àgbà kan tó jókòó sórí ìtì igi fọwọ́ nu eruku kúrò lójú.

"Ọmọbìnrin," bàbá náà ní, "dá a lóhùn kí wọ́n tó mú iná dé."

Ojú Ẹyinjúolúwa kò yẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú eruku pákó ní ìpéǹpéjú, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn.

"Yàrá mélòó?" ó bi í.

"Ìwọ ni akọ̀wé. Kọ iye tó bá wù ọ́, màá yà á."

"Kọ́kọ́ rán àwọn ẹbí rẹ sí bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa kà á fún ọ."

Wọ́n fi ìpàdé àwọn ẹbí sí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Múyìíwá máa fi àwòrán han ìjọ. Ìyá Àgbékẹ́ ló sọ fún Bàbá. Bàbá kò sọ pé rárá. Wọ́n ní ọmọkùnrin náà mọ ògiri fọ̀, pé ó kù kí àwọn rí bó ṣe ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Lẹ́yìn Mísà kejì, Fadá Fọládé tẹ́ àwòrán sórí tábìlì níwájú gbogbo ìjọ. Múyìíwá ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ṣọ́ọ̀ṣì máa yọ sí apá títì ní ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ènìyàn tó máa ráyè jókòó nínú rẹ̀ máa di ìlọ́po méjì. Òpó kankan kò ní dí ojú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí pẹpẹ. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, bẹ́ǹṣì máa wà fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò ní àtẹ̀gùn kankan níwájú. Ìyá Àgbékẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ògiri apá títì ńkọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Adédìpẹ̀ bèèrè. Òun ni bíríkìlà àgbà nínú ìjọ náà.

"Wíwó la máa wó o, sà. Ó ti là láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà, típà máa kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ dà nù."

Bàbá Ògúntóyè dìde. Wọ́n mú fìlà wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dé e.

"Ìdọ̀tí," wọ́n ní.

Wọ́n kọjú sí Fadá.

"Fadá, ẹ mọ̀ mí. N kì í bá ìjọ jà. Bí ìjọ bá ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá wó ògiri bàbá mi kò ní gba ọwọ́ ọmọ mi. Múyìíwá, sọ fún àwọn èèyàn rẹ ní Ilé-Ogbó kí wọ́n má ṣe wulẹ̀ wọ ọkọ̀ ní Sátidé."

Wọ́n jáde. Adédìpẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn wà: kí àwọn fi ògiri náà sílẹ̀, kí àwọn fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó là, kí àwọn sì gbé òrùlé tuntun lé e. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé àlàáfíà ló jù. Fadá Fọládé wo Múyìíwá, ó wo Ẹyinjúolúwa tí kálàmù rẹ̀ ti dúró lórí ìwé, ó sì ní ìjọ máa pinnu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ẹyinjúolúwa bá Múyìíwá nídìí ògiri.

"Ṣé o kò lè fi í sílẹ̀?" ó ní. "Ṣé o kò lè ṣe é bí Ọ̀gbẹ́ni Adédìpẹ̀ ti wí? Sátidé ti dé tán, Múyìíwá. Ọjọ́ márùn-ún péré."

Múyìíwá mú ìka Ẹyinjúolúwa, ó kì í bọ inú ibi tí ògiri ti là. Ìka náà wọlé títí dé ìdí. Ó mú un jáde, ìyẹ̀fun pupa bò ó.

"Òrùlé tuntun yẹn wúwo ju ti ìsinsìnyí lọ. Bí mo bá gbé e lé èyí, kò ní wó lónìí, kò ní wó lọ́la. Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí bẹ́ǹṣì bá kún, ó máa wó. Ẹyinjú mi, mo lè ya àwòrán tó máa dùn mọ́ bàbá rẹ. N kò lè ya èyí tó máa pa ìyá rẹ."

"Bí wọn kò bá wá fi mí fún ọ ńkọ́?"

"Màá tún padà wá bẹ̀ wọ́n. Lọ́dọọdún ni màá máa padà wá. Wọ́n ti rí i pé mo mọ nǹkan nù."

Omi lé ròrò sójú Ẹyinjúolúwa, ṣùgbọ́n ìdùnnú kan wà lábẹ́ omi náà. Ọkùnrin tó bá lè sọ òtítọ́ nígbà tí irọ́ ì bá fún un ní ìyàwó, inú ilé rẹ̀ ni ènìyàn lè sùn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Má fọwọ́ kan àwòrán rẹ," ó ní. "Bàbá mi ni. Èmi ni mo mọ̀ wọ́n."

Bàbá Ògúntóyè jókòó sẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń yọ àgbàdo lára ṣúkù. Ẹyinjúolúwa fa àpótí sún mọ́ wọn, ó mú àgbàdo kan, òun náà ń yọ ọ́.

"Bàbá, ilé àtijọ́ tí wọ́n bí yín sí, kí ni Bàbá àgbà ṣe sí amọ̀ rẹ̀ nígbà tó wó?"

Ọwọ́ Bàbá kò dúró. "Wọ́n bomi rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta. A tún un pò. Èmi náà pò ó, n kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òjò tó kọjá lórí amọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀, ó ti gbọ́n ju amọ̀ tuntun lọ. Wọ́n fi mọ ilé mìíràn."

"Èwo nínú ilé?"

"Èyí tí o ń sùn sí ni."

"Ṣé inú Bàbá àgbà bàjẹ́ pé àkọ́kọ́ wó?"

"Kí ló máa bà wọ́n nínú jẹ́? Ilé a máa wó. Ilé wo ni kì í wó? Amọ̀ ni kì í..."

Ṣúkù wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò yọ ọ́ mọ́. Wọ́n yí ojú wo ọmọ wọn.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá. Olùkọ́ ni mí. Ìbéèrè ni mo ń bi yín."

"Olùkọ́," Bàbá ní. Wọ́n gbọn èèpo àgbàdo kúrò lára ṣòkòtò wọn. "Sọ fún ọmọ Èṣùbíyìí kó pàdé mi nídìí ògiri láàárọ̀ ọ̀la. Kó mú ọkọ́ dání. A máa hú ìpìlẹ̀ wò. Bó bá le, àwòrán rẹ̀ ló máa fà ya."

"Bí kò bá le ńkọ́?"

"Lọ se ẹ̀bà."

Oòrùn kò tíì le tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Múyìíwá bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Bàbá kò jẹ́ kó dá nìkan wa ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ọkọ́ tiwọn. Ẹyinjúolúwa dúró lẹ́bàá igi máńgòrò, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Nínú ọgbà náà, kò sí ìró mìíràn ju ti ọkọ́ méjèèjì lọ.

Nígbà tí wọ́n wa á dé orúnkún, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó ń tutù. Omi tó ń ṣàn láti etí òrùlé láti ọdún pípẹ́ ti jẹ ìdí ògiri náà. Ibi tí omi kò jẹ, ikán ti jẹ ẹ́. Bàbá kúnlẹ̀. Wọ́n ti ọwọ́ bọ ìdí ògiri bàbá wọn, ọwọ́ náà sì wọlé títí dé ọrùn ọwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ti ọwọ́ bọ èlùbọ́. Wọ́n fi í sínú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," wọ́n ní.

"Ó ti gbìyànjú, bàbá," Múyìíwá ní.

Bàbá yọ ọwọ́ jáde, ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ wà nínú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó máa wó. Láti ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wo bó ṣe ń là. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ àgbẹ̀. Bí ògiri bá wó ní ilé bàbá rẹ ní Ilé-Ogbó, ṣé típà lẹ máa ń pè?"

"Rárá, bàbá."

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

Ojú Múyìíwá yí padà. Ó rántí ara rẹ̀ ní kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú amọ̀ títí dé orúnkún, tí bàbá rẹ̀ sì ń da omi sí i. "A máa ń tún un pò," ó ní.

"Kí ló wá sọ tiwa di ìdọ̀tí?"

Nínú kòtò náà gan-an ni Múyìíwá ti dọ̀bálẹ̀. Àyà ẹ̀wù rẹ̀ funfun kan ilẹ̀ tútù. "Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n kọ́ mi níléèwé, bàbá. Mo gbàgbé ohun tí mo mọ̀ kí n tó lọ. Ẹ foríjì mí."

"Dìde. O ti ba ẹ̀wù rẹ jẹ́."

Ó dìde, ṣùgbọ́n kò lọ pààrọ̀ ẹ̀wù. Ó jókòó sétí kòtò, ó fa kálàmù yọ lápò, ó sì ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé tó bá lọ́wọ́. Wọ́n máa fi irin àti kọnkéré gbé òrùlé. Ògiri tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ni wọ́n máa fi amọ̀ mọ, amọ̀ tó ti gbọ́n, tí wọ́n tún pò pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀, tí kò ní gbé ẹrù kankan, tí omi kò sì ní dé ìdí rẹ̀. Ojú gbogbo ìjọ ló máa wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú gbogbo.

Bàbá wo ìwé náà lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀. "Ta ló máa pò ó? Àwọn bíríkìlà yín ìsinsìnyí, bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn."

"Mo gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ìjọ yìí tó mọ̀ ọ́n pò," Múyìíwá ní. "Bí wọ́n bá gbà, abẹ́ wọn ni màá ti ṣiṣẹ́."

"O mọ ẹ̀tàn."

"Òótọ́ ni, bàbá."

"Ó lè jẹ́ méjèèjì." Bàbá nu ọwọ́ sára koríko. Wọ́n rí Ẹyinjúolúwa lábẹ́ igi. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wọ ọkọ̀. Kí wọ́n tètè dé, n kì í jẹun ọ̀sán pẹ́."

Àwọn ará Ilé-Ogbó dé ní Sátidé náà. Bàbá Èṣùbíyìí, olóòṣà tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun lọ wo ìdí ògiri náà. Wọ́n bu amọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. "Amọ̀ gidi," wọ́n ní. Bàbá Ògúntóyè fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ amọ̀ fún wákàtí kan kí alága ìjókòó tó rí wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ.

Ní Àìkú tó tẹ̀lé e, ìjọ fọwọ́ sí àwòrán tuntun náà, Adédìpẹ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Wọ́n wó ògiri náà jẹ́jẹ́. Láti kànga ilé Nusirat ni wọ́n ti ń pọn omi sí amọ̀, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń bọ́ bàtà lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ń wọ inú rẹ̀. Bàbá Ògúntóyè á dúró sétí kòtò pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n á máa pàṣẹ. Wọ́n ní Múyìíwá ń po amọ̀ bí ẹni ń jó, pé kó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ti Ẹyinjúolúwa dára.

"Ọmọ yín ni, ó ṣe máa burú?" Múyìíwá ní.

"Ìyàwó rẹ ni. Dákẹ́, kí o máa tẹ̀ ẹ́."

Òfin ìjọ ni pé Àìkú mẹ́ta ni wọ́n ń kéde ìgbéyàwó. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀kẹta, wọ́n ti ká páànù kúrò lórí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ sì wà níta lábẹ́ igi máńgòrò, olówó àti tálákà, ẹni tó tètè dé àti ẹni tó pẹ́. Fadá Fọládé ka orúkọ náà sókè: Múyìíwá Èṣùbíyìí, láti Ilé-Ogbó, àti Ẹyinjúolúwa Ògúntóyè, ti ìjọ yìí.

"Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí wọn kò fi gbọdọ̀ so àwọn méjì yìí pọ̀, kó wá sọ fún wa."

Bàbá Ògúntóyè wúkọ́.

Gbogbo ìjọ yíjú padà. Ìyá Àgbékẹ́ di apá ọkọ wọn mú. Fadá gbé ìwé náà dání, kò mọ̀ bóyá kí òun máa bá a lọ.

"Eruku ni," Bàbá ní. Wọ́n dìde dúró. "Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Fadá, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dúró títí òrùlé á fi wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gbéyàwó. Oṣù mẹ́jọ. Èmi kò rí ohun tí òrùlé fẹ́ ṣe fún wọn. Ọmọ méjì tó ti jọ wà nínú amọ̀, Sátidé tó ń bọ̀ dára."

Ẹ̀rín sọ láàárín ìjọ.

"Sátidé tó ń bọ̀?" Ìyá Àgbékẹ́ ní. "Ta ló máa rán aṣọ ọmọ náà?"

"Mo ti rán an tán, mà," Nusirat dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì. "Ó ti pẹ́."

Múyìíwá kò wo ẹ̀yìn, kò sì wo Fadá. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ Ẹyinjúolúwa sì ti wà níbẹ̀. Amọ̀ pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná àwọn méjèèjì.

"Yàrá mẹ́rin," Ẹyinjúolúwa sọ sí i létí. "Kọ ọ́ sílẹ̀."